Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Wà ní Ilé Ọtí

Òórùn tùràrí àti òórùn ọ̀dà ọkọ̀ ló máa ń kún inú ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí pé ilé ìkẹ́rùsí ni ilé náà kó tó di ilé Ọlọ́run, ọkùnrin kan tó ń kun ọkọ̀ ló sì wà ní yàrá kejì sí wa títí dòní. Ní Thamesmead West ni, lẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí atẹ́gùn odò ti máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn irin wọlé, tí á máa fẹ́ etí sùtánà àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Bí mo bá gbọ́ òórùn méjèèjì yẹn pa pọ̀ níbikíbi, àárọ̀ Sátidé kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: èmi níwájú bọ́ọ̀sì kékeré ìjọ, tí mo fajú ro, Mummy lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú agbọ̀n èso lórí itan, àti àwọn aláṣọ funfun mọ́kànlá lẹ́yìn wa tí wọ́n ti dá orin sílẹ̀ kí n tó tan ọkọ̀. Mi ò fẹ́ lọ. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà ni mo ń ṣe jẹun. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mo fi ń gbé èrò láti Thamesmead lọ sí Woolwich, tí mo tún ń kó wọn padà, tí wọ́n sì ń bínú sí mi nígbà tí òjò bá ń rọ̀ bíi pé èmi ni mo rọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wa ọkọ̀ kiri. Àmọ́ Mummy pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Tuesday, ohùn rẹ̀ sì tutù ju bó ṣe máa ń rí lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n fura.

"Saturday tó ń bọ̀ yìí, ṣé o wà ní off?"

"Mo wà ní off, Mummy. Mo fẹ́ sùn ni."

"Wàá sùn lọ́jọ́ Sunday. Mo fẹ́ kó o drive wa lọ sí Kent. Sí village Nanny."

Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní abúlé yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa.

Ìwọ tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ ohun tí Nanny jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀. Nígbà tí àwọn òbí wa wá kàwé nílùú yìí, bàbá wà ní school, ìyá ń ṣe nọ́ọ̀sì lójúmọmọ, ó tún ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé àwa ọmọ fún àwọn obìnrin òyìnbó ní abúlé láti bá wọn tọ́, a sì ń pe obìnrin bẹ́ẹ̀ ní Nanny. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà kí Mummy tó wá mú mi. Mo mọ adágún omi abúlé náà àti pẹ́pẹ́yẹ inú rẹ̀, mo mọ òórùn ápù tí Nanny máa ń kó pamọ́ sínú ilé pákó lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n mi ò mọ Mummy. Lójú mi, àǹtí kan ló jẹ́ tó máa ń wá lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú bàtà tó fẹ́lẹ́ jù fún ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ tó mú mi, mo sunkún láti abúlé náà dé Woolwich, mi ò sì dáhùn orúkọ Yorùbá mi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èdè tí mo fi ń kọ ìwé yìí, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kọ́ ọ, lẹ́nu rẹ̀ àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

A ò sọ ọ́ rí. Èyí tí mo fi dàgbà ni pé ó gbé mi fún wọn bí èèyàn ṣe ń gbé báàgì fún ará ilé kejì pé kó bá òun dì í mú, ó sì wá gbà á nígbà tó ráyè. Mo bínú sí i. Mo bínú sí i pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìbínú náà fi di ara ilé, tí mi ò sì rí i mọ́. Mò ń lọ kí i ní gbogbo ọjọ́ Sunday, mò ń ra nǹkan fún un, mò ń gbé e lọ sí hospital, ṣùgbọ́n mi ò jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Friday, mo gbé èso tí mo rà ní ọjà Woolwich lọ sí flat rẹ̀ lẹ́bàá ọgbà ìtura Birchmere. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìrèké kan tí oníṣòwò fi gún mi níhà kó tó bá mi gé e kúrú. A jọ ń fọ̀ wọ́n nínú kíṣìnì. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin nígbà náà, wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ kan, àwọn dókítà sì ti fún un ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ sí ìgbà náà.

"Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan ní abúlé yẹn," ó ní. "Mi ò tíì san án. Mi ò fẹ́ gbé e wọ theatre."

"Ẹ̀jẹ́ kí ni, Mummy?"

"Tá a bá débẹ̀, wàá gbọ́."

Ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ Aládùúrà lè rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni. Ṣùgbọ́n láàárín wa, ẹ̀jẹ́ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi sórí àga kó máa bá tiẹ̀ lọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, ọsàn kan náà ló ń fọ̀ léraléra. Ẹ̀rù ń bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà. Ẹ̀rù pé ó lè kú ní ajigbèsè lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wa ọkọ̀, tèmi tìbínú mi.

Bí a ṣe fi ọ̀nà ńlá sílẹ̀, ọ̀nà náà tín-ín-rín débi pé ewé igi ọgbà ń ha dígí bọ́ọ̀sì lápá méjèèjì. Oko ápù bẹ̀rẹ̀, ìlà gbọọrọ lẹ́yìn ìlà, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn mi, wọ́n kọrin kọrin títí orin fi tán, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn bóyá àgùntàn tí wọ́n ń rí lóko ní ẹni tó ni wọ́n. Mo mọ adágún omi náà kí n tó rí i. Ó ti kéré, tàbí èmi ni mo ti tóbi. Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà lórí ilẹ̀ gíga lókè rẹ̀, olókùúta wẹ́wẹ́, ilé agogo rẹ̀ ní igun mẹ́rin, àwọn òkúta ibojì tó yí i ká ti dagun síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ìdojúkọ rẹ̀, lódìkejì títì, ilé ọtí abúlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrùlé kékeré àti agbọ̀n òdòdó tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ti ń wo ara wọn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀ láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìjọ wa nígbà tá a bá wọ sùtánà, wọ́n sì gba inú koríko tútù gòkè lọ. Obìnrin kan tó ń mú ajá rìn dúró wò wọ́n títí ajá fi fà á lọ. Èmi nìkan ni mo wọ ṣòkòtò jíìnsì àti bàtà, nítorí ọkọ̀ tí mo wà. Mo di Mummy lápá mú. Ìgbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a bá ilẹ̀kùn ní títì pa.

Mo ti pe ọkùnrin tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó sì ní ká máa bọ̀, pé ṣíṣí ló máa ń wà. Ní báyìí, ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn: nítorí olè, wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ béèrè kọ́kọ́rọ́ ní ilé ọtí. Mo tún pe ọkùnrin náà, kò gbé e. Gbogbo wa yíjú sí ilé ọtí. Bàbá Olùṣọ́, tó jẹ́ olórí ìjọ wa, wo ilé ọtí náà, ó wo sùtánà ara rẹ̀, ó sì tún wo ilé ọtí náà. Security ni iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí nǹkan kan kọjá òun. Àwa kì í mu ọtí, ẹni tó bá sì wọ aṣọ mímọ́ kì í wọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Kí Sister lọ," ó ní. "Òun ló wọ bàtà."

Mo lọ. Obìnrin tó ni ilé ọtí náà ń nu ife, ó fi awò ojú sórí irun. Kò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó gba ojú wíńdò wo àwọn aláṣọ funfun lórí òkè, ó sì ṣàlàyé fún mi wẹ́rẹ́ pé àwọn kan wá láìpẹ́ yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ilé àtijọ́, ìgbà tí wọ́n lọ tán ni wọ́n rí i pé ọ̀pá àbẹ́là méjì ti bá wọn lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ gan-an lòun ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jókòó kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe.

"Ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí?" ó béèrè.

"Màmá mi ni."

"Kí wọ́n wá nígbà náà."

Mo ní wọn ò lè wọlé síbi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó ní òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ò sì lè gbé ọ̀kan síta torí èkejì. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Mo padà lọ jíṣẹ́. Bàbá Olùṣọ́ mi orí. "Kò ṣeé ṣe, Mummy. Ẹ wo aṣọ tó wà lọ́rùn yín. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà níbí, ká gbé èso yìí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn ni Olúwa ń wò." Àwọn yòókù dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Tá a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, màá délé kí aago méjì tó lù.

Mummy rìn lọ sí abẹ́ òrùlé ẹnu ọ̀nà náà, níbi tí ìjókòó olókùúta wà lápá kan, ó sì fọwọ́ lé ògiri.

"Ibí ni mo máa ń dúró sí," ó ní.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, èmi ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Nanny ò fẹ́ dá mi padà. Ó ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbà mí pátápátá, pé yàrá kan ṣoṣo ni ìyá ọmọ ní, pé kò ní àkókò, pé ọmọ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa jókòó lé e lórí. Wákàtí kan péré ni Nanny máa ń gbà kó fi rí mi lọ́jọ́ Sunday, ọkọ̀ tó máa gbé e padà ò sì ní dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ìsìn á ti parí, wọ́n á ti ti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì lè wọ ilé ọtí. Ni á bá wá síbí, á bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti rin, á sì dúró lórí òkúta tútù náà, á máa gbàdúrà.

"Mo sọ fún Un pé tó bá fún mi ní ọmọ mi, màá mú àwọn aláṣọ funfun wá síbí, a máa wọlé, a máa jó níwájú Rẹ̀. Mi ò sọ pé a máa dúró síta. Ìta ni mo dúró sí nígbà yẹn, Olùṣọ́. Ìta ni mo dúró sí fún ọdún méjì."

Ó tún ní òun ò tètè wá san án nítorí ìtìjú, pé òun ò fẹ́ kí Nanny rí òun, pé nígbà tí òun gbọ́ pé Nanny ti kú, ojú tún ti òun pé òun dúró kó kú. Ní tèmi, mo jókòó sórí ìjókòó olókùúta náà. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbé ẹ̀sùn kan kiri, àṣé ẹni tí mo fẹ̀sùn kàn ló ń gbẹjọ́ mi rò.

Mummy mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ sí títì. Bàbá Olùṣọ́ tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé Bàbá Olùṣọ́. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ọtí, a bá bàtà méje tàbí mẹ́jọ, bàtà nínípọn tí àwọn òyìnbó fi ń rin igbó, tí wọ́n tò sí ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wá. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó ni wọ́n gba ẹ̀yìn oko dé lẹ́yìn mi. A rí wọn láti ojú wíńdò, wọ́n jókòó tẹ̀rín tọ̀yàyà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán lẹ́sẹ̀. Mummy dúró. Ó fi ọ̀pá nà sí bàtà náà.

"Olùṣọ́, kí lẹ rí?"

"Bàtà ni, Mummy."

"Wọ́n bọ́ ọ kí wọ́n tó wọlé."

Bàbá Olùṣọ́ bẹ̀rẹ̀ wo bàtà, ó nàró wo ìbọ̀sẹ̀ àwọn èèyàn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo rí i bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. "Àwọn náà ń bọ́ bàtà," ó ní jẹ́jẹ́.

"Ṣé ibi lásán ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà?"

Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn náà tó sọ ọ́ gbangba pé nítorí ẹrẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mo ti kà á. Mo sún ẹsẹ̀ díẹ̀, mo sì fi ẹ̀yìn bò ó. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nìyẹn lọ́jọ́ náà nítorí pé mo fẹ́ ṣe é. Bàbá Olùṣọ́ ronú, ó yọ ike omi ìyàsímímọ́ kúrò lápò, ó wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ní ká wọlé, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan lórí tábìlì.

Bí gbogbo wọn ṣe wọ ilé ọtí nìyẹn, aláṣọ funfun méjìlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, Mummy níwájú. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń jẹun gbé fọ́ọ̀kì dúró lófuurufú. Mummy jókòó sórí àga níwájú obìnrin onílé ọtí náà, ó gbé ọ̀pá lé orúnkún, ó sì fi Òyìnbó tó fi ọgbọ̀n ọdún sọ nínú wọ́ọ̀dù sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wá gba nǹkan rẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí bàbá arúgbó kan tó jókòó nídìí iná, tí ajá rẹ̀ sùn lábẹ́ tábìlì, dìde dúró.

"Obìnrin tó máa ń bọ́ bàtà," ó ní.

Ó ní ojú kojú ni ilé òun àti ṣọ́ọ̀ṣì, pé òun àti ìyàwó òun máa ń rí obìnrin dúdú kan láti ojú wíńdò ní ọ̀sán Sunday, tó dúró láìwọ bàtà nínú òtútù. Ìyàwó òun fẹ́ pè é wọlé wá mu tíì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn á pè é, wọn ò sì pè é títí kò fi wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyàwó òun títí tó fi kú. Ẹ̀yìn náà ni àwọn gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ó wo Mummy lójú.

"Ṣé wọ́n fún yín ní ọmọ náà?"

Mummy nawọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó mú ọwọ́ mi, ó sì fà mí wá síwájú. "She is here," ó ní. "She drives a bus in London."

Mo ti wakọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó sọ iṣẹ́ mi báyẹn rí. Bíi pé ọba ni mí ló ṣe sọ ọ́. Bàbá náà bọ̀ mí lọ́wọ́, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Obìnrin onílé ọtí yọ kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó tó wà láàárín àwọn ife, irin dúdú tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó jáde láti ẹ̀yìn káńtà rẹ̀, ó sì gbé e lé Mummy lọ́wọ́. Bàbá náà ní òun ló máa ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ́lẹ̀, pé bí wọ́n bá gbà fún òun, òun á lu ọ̀kan fún wọn.

Bí a ṣe ń sọdá títì padà, mo tẹ ẹnu mọ́ Mummy létí. "Mummy, torí ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe bọ́ bàtà yẹn o."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ ẹrẹ̀ ni? Mo ti rin ẹrẹ̀ abúlé yìí kó o tó mọ orúkọ ara rẹ. Olùṣọ́ ni mo fẹ́ kó rí ọ̀nà gbà."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti dúró. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ara tì mí. Mi ò rántí ìgbà kankan ṣáájú ìyẹn tí èmi àti ìyá mi jọ rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Mummy fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà tutù, òórùn ìwé àtijọ́ àti ti àbẹ́là wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àwọn dígí aláwọ̀ wọlé wá sórí sùtánà wọn. Bàbá arúgbó náà bẹ̀ wá pé ká má tan tùràrí nítorí igi òrùlé tó ti gbẹ, Bàbá Olùṣọ́ sì gbà láìjanpata, ó ní àwa náà ní ilé tí a ò fẹ́ kó jó. A to èso sórí tábìlì níwájú. Mummy kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tuntun àti orúnkún àtijọ́, ó sì dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ni agogo ńlá dún lókè, ẹ̀ẹ̀kan, ó tún dún, gbogbo ilé náà sì gbà á sára. Àwọn tiwa dá orin, wọ́n pàtẹ́wọ́, Mummy dìde, ó sì jó. Kò fò, kò yára. Ó jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú, ó jó padà dé ẹnu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ pé òun á ṣe.

Mo bọ́ bàtà mi, mo sì bá a jó. Ìgbà tí mo yíjú sẹ́yìn, obìnrin onílé ọtí ti dé pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ lórí èjìká, àwọn arìnrìn-àjò náà ti tẹ̀ lé e, wọ́n sì tún ti bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà nítorí wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa wà. Wọn ò mọ orin náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Mo láyọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé mo gbàgbé pé mo ní ilé tí mo fẹ́ padà lọ sùn sí.

Ibojì Nanny wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ igi kan. Mummy kó ọsàn mẹ́ta sórí rẹ̀. Mo bi í bóyá kò bínú sí i.

"Mo bínú. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ. Ìfẹ́ tó ní sí ọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí." Ó tẹ̀ ba díẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ ṣé o, Nanny. Ẹ tọ́jú ọmọ mi."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì jí. Ọdún mélòó kan ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí, ó ṣì ń pè mí lọ́jọ́ Tuesday láti bi mí bóyá mo wà ní off, èmi náà sì máa ń jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo ti wá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn gbé inú ìfẹ́ kan fún àádọ́ta ọdún láìmọ̀ pé inú rẹ̀ lòun ń gbé, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ìbínú tí mo ń sọ yẹn, mi ò mọ ìgbà tó lọ. Mo kàn wá a lọ́jọ́ kan, mi ò bá a mọ́.

Kí a tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, Mummy rí ìwé ńlá kan tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì kékeré, níbi tí àwọn àlejò ti ń kọ orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ti wá, àti ohun tí wọ́n rò. Àwọn tó ṣáájú ti kọ ọ́ pé dígí náà lẹ́wà, pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó béèrè awò ojú rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ Thamesmead, ó ronú, ó sì kọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú ìkọ̀wé gbọọrọ tó kún ìlà méjì: "Mo padà wá. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi." Ó gbé bírò fún mi. Mo kọ orúkọ tí mo kọ̀ láti dáhùn ní ọmọ ọdún mẹ́fà, mo sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi ni ọmọ náà."